Oje igi urushi àti fáníìṣì ilé iṣẹ́: èwo ló tó owó rẹ̀?

Oníṣẹ́-Igi, Ẹbùté Mẹ́ta:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Oníbàárà mi kan gbé abọ́ igi pupa kan wá láti Jàpáánì, èyí tí àwọ̀ etí rẹ̀ ti bó, ó sì ní kí n fi fáníìṣì tí à ń fọ́n sára àga tún un ṣe, nítorí pé dídán ni gbogbo rẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé omi wà lábẹ́ àwọ̀ náà. Ṣé lóòótọ́ ni ti àtijọ́ yìí níye lórí jù, àbí orúkọ lásán ni à ń rà?

Àdùkẹ́, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ jọ̀wọ́ bọ̀dá, ẹ má fọ́n nǹkan kan sí i. Bó bá jẹ́ ojúlówó, oje igi urushi ni wọ́n fi kùn ún. Igi náà á dàgbà tó nǹkan bí ọdún 10 sí 15 kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ là á lára, oje tí ọ̀kan ń mú wá kò sì ju nǹkan bí 200 gíráàmù lọ. Gbígbẹ rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá fọ́n fáníìṣì tiwa lọ́jọ́ òjò, yóò funfun bí ẹni pé wọ́n bu eérú sí i; ṣùgbọ́n inú àpótí ọlọ́rinrin ni wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n fi urushi kùn sí, torí ọ̀rinrin gan-an ló ń mú un le. Wọn yóò kùn ún, wọn yóò ha á, wọn yóò tún un kùn, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá ti le tán, ọtí àti omi gbígbóná kì í tètè bà á jẹ́.

Bàbá Oníga, Mùṣín:
Òótọ́ ni àǹtí wí, àmọ́ ẹ má ṣe fojú tẹ́ḿbẹ́lú ti ilé iṣẹ́. Oòrùn ni ọ̀tá urushi, n kò sì ní fi kun ilẹ̀kùn ìta láéláé. Àwọn ará Jàpáánì fúnra wọn ń fi epo inú èèpo kóró kajú ṣe àfidípò rẹ̀, kajú tí à ń jẹ yìí náà, torí pé ẹbí kan ni igi méjèèjì. Fún àga, ìyẹn tó. Fún abọ́ yìí, kò tó: fáníìṣì tí ẹ bá fọ́n lé e lè bó, ẹni tó bá sì fẹ́ fi urushi tún un ṣe lẹ́yìn yín yóò kọ́kọ́ jìyà kí ó tó ha á kúrò. Ẹ má sì fọwọ́ lásán kan oje tútù, yóò jẹ yín lára gan-an.

Oníṣẹ́-Igi:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti dá abọ́ náà padà láàárọ̀ yìí, mo ní kí ó wá ẹni tó mọ urushi lò. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n ó fi àga méjì sílẹ̀ kí n bá òun fọ́n.