Ṣé "dọ́gba" ni tàbí "di"? Lórí àmì = nínú ìṣirò àti ètò kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà tí a ń tò lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí á máa ka àmì = sí "dọ́gba sí" níbi gbogbo, nítorí pé kò yẹ kí àmì kan ní orúkọ méjì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i: ojú ni àmì = ti ìṣirò àti ti kọ̀ǹpútà fi jọra, iṣẹ́ wọn kò jọ.

Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, ni ó kọ́kọ́ tẹ àmì yìí sínú ìwé ní 1557. Ìlà méjì tí gígùn wọn bára mu ni ó fà, ó ní kò sí ohun méjì tí ó lè dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìṣirò, x = x + 1 kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí kò sí iye tí a óò fi ení kún tí yóò ṣì wà bí ó ti wà. Àmọ́ nínú FORTRAN, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí ó jáde ní 1957, irinwó ọdún gan-an lẹ́yìn ìwé Recorde, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, nítorí àṣẹ ni: mú iye tí ó wà nínú x, fi ení kún un, kí o sì dá a padà sínú x. ALGOL 58, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀, ó lo := fún àṣẹ, ó sì fi = sílẹ̀ fún ìdọ́gba. Èdè C ní tirẹ̀ fi = pàṣẹ, ó sì fi == béèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè bóyá x dọ́gba sí 5, tí ó wá kọ if (x = 5), ti sọ x di 5 láìmọ̀, ìdáhùn yóò sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nígbà gbogbo, nítorí C ka iye yòówù tí kì í ṣe òdo sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tí mo kọ yẹn: "ti sọ x di 5". N kò wá ọ̀rọ̀ náà lọ, òun ni ó wá bá mi.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọpọ́n ayò. Ilé méjìlá ni ó ní, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin sì ni a ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Bí mo bá kó ilé kan tí mo sì ń jù ú sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ilé tí ó tẹ̀lé e dọ́gba sí márùn-ún. A óò ní ó ti di márùn-ún. Ilé kò kúrò lójú kan, ohun inú rẹ̀ ni ó yí padà. Ìdí nìyí tí "àyípadà" tí a fẹ́ fi pe x nínú àkójọ wa kò fi tẹ́ mi lọ́rùn: nínú x + 3 = 7, x kò yí padà rárá, mẹ́rin ni láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa ni a kò tíì mọ̀ ọ́n. "Àìmọ̀" bá irú èyí mu, "ilé" sì bá ti kọ̀ǹpútà mu.

Ẹnìkan lè fi Haskell, èdè kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní 1990, dá mi lóhùn, nítorí níbẹ̀, ìdọ́gba bíi ti Recorde ni = ṣì jẹ́: bí o bá kọ x = x + 1, kọ̀ǹpútà yóò máa wá iye x kiri láìrí i. Òótọ́ ni, kí irú èdè bẹ́ẹ̀ máa lo "dọ́gba". Ṣùgbọ́n fún C, Java àti Python, kí == jẹ́ "dọ́gba", kí = sì jẹ́ "di". Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á sókè bí ẹni tí ó wà nídìí ọpọ́n: "x di x tí a fi ení kún."