Ìkọlù látòkèdélẹ̀, kò sí ààbò: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Lágere
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà tẹ́ ẹ ń ta géèmù Pokémon, níbi tí a ti ń fi ẹgbẹ́ ẹ̀dá inú rẹ̀ bá ara wa jà. Ta ló ti fi ẹgbẹ́ tó jẹ́ ìkọlù nìkan jà láàárín yín? Mo ní ẹgbẹ́ tí ẹyọ kan kò sí nínú rẹ̀ tó ń dúró gba ìyà.

Tèmi rèé. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé Blissey kiri, ẹ̀dá tó kàn ń dúró gba ìyà. Wọ́n á gbá a, màá wò ó sàn, wọ́n á tún gbá a, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe máa kú díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Awo Hall, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, iná ti lọ láti ọ̀sán, fóònù mi ku 11%. Ẹnì kan pè mí níjà lórí Showdown, ìkànnì tí a ti ń ja Pokémon. Mo ní bí ó bá máa kú kó tètè kú, mo bá kó ẹgbẹ́ tí ẹnìkejì mi ní yàrá tò. Glimmora ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú Focus Sash, ọ̀já tí kì í jẹ́ kí wọ́n fi ìgbá kan pa á nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá pé. Ó da Stealth Rock sílẹ̀, òkúta tó ń gún ẹ̀dá ọ̀tá tó bá wọlé, wọ́n gbá a, ẹ̀mí 1 péré ló kù, ó tún rọ́nà gbá wọn kó tó lọ. Ni Dragonite bá wọlé, ó jó Dragon Dance lẹ́ẹ̀kan, ìkọlù rẹ̀ àti eré rẹ̀ fi ìdajì lé sí i. Mẹ́rin ló pa. Fóònù mi ṣì wà ní 9% nígbà tí a parí. Mi ò tíì padà sọ́dọ̀ Blissey láti ọjọ́ náà.

Òṣómàáló
Ọmọ Iléṣà ni mí. Bàbá bàbá mi ta aṣọ àwìn, bí onígbèsè kò bá sì san, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi rí owó rẹ̀ gbà. Bí mo ṣe ń jà nìyẹn. Dondozo àti Clodsire ni mo ń lò, àwọn méjèèjì ní Unaware, ẹ̀bùn tí kì í jẹ́ kí agbára tí ọ̀tá fi kún ara rẹ̀ ràn wọ́n. Jó títí kí ẹsẹ̀ rẹ fi wọlẹ̀, wọn ò rí ijó.

Ẹyẹ Ọ̀ọ̀rùn
"Wọn ò rí ijó" 😂 Ọlọ́run ló mọ iye dátà tí ẹ̀yin stall, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń dúró gba ìyà títí ọ̀tá á fi rẹ̀, ti jẹ lọ́wọ́ mi.

Àdùkẹ́ Ṣábó
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó ṣì ń dùn mí. A ń bá ara wa díje ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, mo dé ìjà àṣekágbá. Stealth Rock ti wà lẹ́sẹ̀ mi, nígbà tí Dragonite mi wọlé ó pàdánù ìdámẹ́rin ẹ̀mí rẹ̀, Multiscale tó ń dín ìyà rẹ̀ kù nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá pé ti lọ nìyẹn. Mo ní kò burú. Mo jó lẹ́ẹ̀kan, mo jó lẹ́ẹ̀kejì. Mo wọ Outrage, ìkọlù tí èèyàn kò lè tètè fi sílẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo pa ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi wò mí lójú, kò sọ nǹkan kan, ó ju Ditto sílẹ̀.

Ditto di Dragonite, ó kó ijó méjèèjì tí mo jó, ó sì ní Choice Scarf lọ́rùn. Outrage kò jẹ́ kí n sá. Ó pa mí, ó pa àwọn mẹ́ta tó kù. Mi ò ní Fairy kankan, irú ẹ̀dá tí Outrage kì í ràn.

Ẹyẹ Ọ̀ọ̀rùn
Ditto! Ẹ má dárúkọ ẹ̀dá yẹn níwájú mi.

Bọ̀dá Táyé
Ó ti ṣe èmi náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Mayfair Boy
Ṣé Ditto lè sáré ju Dragonite tó ti jó lẹ́ẹ̀mejì ni? Mi ò gbà.

Àdùkẹ́ Ṣábó
Eré tèmi gan-an ló kó, Scarf wá fi ìdajì lé e. Báwo ni kò ṣe ní í yá jù mí?

Mayfair Boy
Ó dáa, mo gbà. Extreme Speed tó máa ń ṣíwájú ìkọlù ẹlòmíràn ńkọ́?

Àdùkẹ́ Ṣábó
Roost, ìyẹn ìwòsàn, ni mo gbé sáyè rẹ̀.

Bọ̀dá Táyé
Àbúrò mi, ibẹ̀ gan-an lẹ ti ṣì í. Ẹni tó fẹ́ kọlù kì í gbé Roost dání. Ẹ fi Substitute, ère tó ń gba ìyà dípò yín, ṣíwájú, Ditto kò lè di ẹni tó wà lẹ́yìn Substitute. Kẹ́ ẹ sì fi Iron Valiant sínú ẹgbẹ́ yín, Fairy ni, Outrage kò ràn án rárá.

Àdùkẹ́ Ṣábó
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi sí i. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ẹgbẹ́ akọluni ń kọ́ ènìyàn ní ọgbọ́n. Èèyàn ò lè sùn níbẹ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ ló gbà kó o ti ronú ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Stealth Rock yẹn burú tó báyìí ni?

Ọmọ Lágere
Volcarona tó bá tẹ̀ ẹ́, ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ ti lọ kó tó la ẹnu. Charizard náà bẹ́ẹ̀. Àfi kó wọ Heavy-Duty Boots, bàtà tí òkúta náà kì í ràn, tó dé ní 2019. Tó o bá tún ní Gholdengo, Defog tí wọ́n fi ń gbá òkúta náà kúrò kò ràn án, Rapid Spin tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà kò sì lè kàn án nítorí iwin ni.

Òṣómàáló
Gbogbo ariwo yìí, Se Jun Park, ọmọ Korea, fi Pachirisu gba ife àgbáyé Pokémon ní 2014. Ẹranko kékeré tó ń fi Follow Me gba ìyà fáwọn tó kù.

Mayfair Boy
Méjì-méjì ni wọ́n jà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe irú tiwa. Kí ni Pachirisu sì ń gbàyà fún? Kí Gyarados lè rí àyè pa wọ́n ni.

Bọ̀dá Táyé
Ẹ wo ogun Kírìjì. 1877 sí 1893, ọdún 16 lórí òkè. Ta ló borí? Stall gidi nìyẹn.

Òṣómàáló
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi Ògèdèǹgbé, balógun Ìjẹ̀ṣà, ṣeré o! Ìbàdàn fẹ́ máa jẹ gàba lé wa lórí, wọn ò rí i ṣe mọ́. Ẹni tí wọn ò lè gbé ṣubú, kí lẹ fẹ́ pè é?

Ẹyẹ Ọ̀ọ̀rùn
Ọ̀rọ̀ ti dé Kírìjì 😂

Bọ̀dá Táyé
Mi ò fi ṣeré, àbúrò. Ṣùgbọ́n Ògèdèǹgbé kò lóṣòó, ó ń kọlù ni.

Òṣómàáló
Ó ń kọlù, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ṣé Dragonite yín mọ̀ ọ́n?

Ọmọ Lágere
Wọ́n ti dín ìwòsàn yín kù náà. Recover, Roost, Soft-Boiled, ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré lẹ lè lò wọ́n báyìí. Òṣómàáló, wá sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ká jà á. Aago mẹ́rin, níwájú SUB, ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Òṣómàáló
Mò ń bọ̀. Gba iná sí fóònù rẹ dáadáa, mi ò ní í tètè lọ.

Àdùkẹ́ Ṣábó
Mo máa wá wòran. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú Ditto wá.