Àkàsétí àti Àtẹ̀lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ gbà á láti Íńdíà wá. Wọ́n ní nínú ìwé tí Amartya Sen, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà, kọ lórí òdodo ní 2009, ọ̀rọ̀ méjì láti inú Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, ló fi pààlà: niti, ìyẹn ètò àti ìlànà tó tọ́, àti nyaya, ìyẹn ìgbé ayé tí àwọn èèyàn ń gbé gan-an lábẹ́ ètò náà. Wọ́n bi wá pé kí ni Yorùbá máa pe méjèèjì, wọ́n sì dá àbá "òdodo orí ìwé" àti "òdodo ojú ayé". Àwọn kan ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹnì kan tún ní ká kúkú pè wọ́n ní "òdodo afòyemọ̀" àti "òdodo aṣeéfojúrí", bí olùkọ́ ṣe máa ń pín ọ̀rọ̀ orúkọ fún wa ní kíláàsì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè bá yín gbà á. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní kọ́ọ̀tù májísíréètì, ọdún kẹrìnlá rèé. Ohun tí adájọ́ bá sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún olùjẹ́jọ́, tí mo sì máa ń dá èsì rẹ̀ padà. Ẹnu mi ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń gbà jáde lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára.

Ẹ wo bí a ṣe ń lo òdodo. À ń sọ òdodo, à ń ṣe òdodo, ẹni tó bá sì ń ṣe é ni olódodo. Ìṣe ló ń bí orúkọ náà. Bí èèyàn bá ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, a kì í sọ pé ó ṣe òdodo díẹ̀, ó wá ku díẹ̀. A máa ní ó tan wá jẹ ni. Tí a bá wá lọ pe ohun tí wọ́n kọ sínú òfin, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe, ní "òdodo orí ìwé", a ti san owó iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Íńdíà pàápàá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tó dá dúró ni wọ́n ní. Wọn ò mú ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n so ìrù méjì mọ́ ọn nídìí.

Ibi tí mo ti rí èyí tí mo fẹ́ dábàá rèé.

Ìyá kan wà ládùúgbò mi, èlùbọ́ ló ń tà. Lóru ọjọ́ kan, àwọn ọlọ́pàá kó gbogbo ọ̀dọ́ tí wọ́n bá níta, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, sì wà lára wọn. Ó ní kí n bá òun lọ, torí èèyàn kọ́ọ̀tù ni wọ́n mọ̀ mí sí. Aago méje àárọ̀ la débẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ìyá ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Bí mo ṣe ń kà á, ó rọra tú kókó owó tó dì sétí ìró rẹ̀. Èmi ń ka ògiri, òun ń ka owó.

Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn káńtà ní kó lọ mú onídùúró wá. Ìyá ní, "Èmi náà rèé, sà." Ọ̀gá ní àwọn kì í gba obìnrin ní onídùúró. Bẹ́ẹ̀, abala 167 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró kìkì nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Mo wá abala náà jáde lórí fóònù mi. Mo kà á jẹ́jẹ́, mo sì túmọ̀ rẹ̀ kí ìyá náà lè gbọ́. Ọ̀gá gbọ́ mi dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó wá ní, "Ti Àbújá nìyẹn, ọ̀rẹ́."

Kò sí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá, ìyá ṣì wà lórí ìdúró. Ẹni tó ti dúró nítorí ọmọ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń sọ fún pé kò lè dúró fún un.

Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà nítòsí ibẹ̀ ló wá buwọ́ lùwé níkẹyìn. Kò mọ ọmọ náà rí. Kókó etí ìró tú, kò sí rìsíìtì. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ìyá ní, "Gbogbo ohun tí o kà sí wọn létí yẹn, mo gbọ́ ọ, ó sì dára. Àmọ́ kò tẹ̀ mí lọ́wọ́."

Mo ti ń gbọ́ Yorùbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò sì tíì gbọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti pààlà náà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo fi ṣe àbá nìyẹn: ẹ̀tọ́ àkàsétí ni èyí tí wọ́n kà fún èèyàn tó gbọ́, ẹ̀tọ́ àtẹ̀lọ́wọ́ ni èyí tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi òdodo sílẹ̀ lódindi, kí ẹ̀tọ́ ru ẹrù méjèèjì, torí ẹ̀tọ́ lè wà lọ́rùn ẹlòmíràn kó má tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. A máa ń sọ ọ́ pé "ẹ̀tọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀", ó sì bá èdè mu. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ pé "òdodo mi wà lọ́wọ́ rẹ̀", ẹ ó rí i pé etí ò gbà á.

Ní ti bí a ṣe ṣẹ̀dá wọn, kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. À-kọ-sí-ilẹ̀ ló di àkọsílẹ̀. À-kà-sí-etí ló di àkàsétí. Àtẹ̀lọ́wọ́ wá láti inú "tẹ̀ mí lọ́wọ́", bí a ṣe ń sọ pé lẹ́tà tẹ̀ mí lọ́wọ́, owó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo kọ́kọ́ fi hàn ní ó sún mọ́ àtẹ́lẹwọ́ jù, pé àwọn èèyàn máa ṣì í gbọ́. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó gbọ́ ọ bá rántí àtẹ́lẹwọ́, ibi tí mo fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lọ gan-an ló lọ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ti fèsì ṣáájú pé bí a bá gba orúkọ òdodo kúrò lára ohun inú ìwé, a ò ní rí ohun tí a máa fi wọn ojú ayé mọ́. Òótọ́ ni pé a nílò ìwọ̀n. Bí kò bá sí abala 167, kí ni ǹ bá kà lọ́jọ́ yẹn? Mi ò kẹ́gàn àkàsétí. Téèpù aránṣọ wúlò púpọ̀, àmọ́ a kì í pè é láṣọ.

Ẹ tún wo bó ṣe máa ràn wá lọ́wọ́ nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999. Abala 17 wà ní Orí Kejì. Ó ní ìjọba yóò rí i dájú pé kọ́ọ̀tù wà ní òmìnira, pé kò ní ṣègbè, pé yóò sì rọrùn fún èèyàn láti dé iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Abala 6(6)(c) wá sọ pé, àyàfi ibi tí Ìwé Òfin fúnra rẹ̀ bá ti yọ̀ǹda, agbára kọ́ọ̀tù ò dé orí ìbéèrè bóyá ìjọba pa Orí Kejì mọ́ tàbí kò pa á mọ́. Ìlérí pé ọ̀nà kọ́ọ̀tù yóò rọrùn wà nílẹ̀, kọ́ọ̀tù ò sì lè gbọ́ ẹjọ́ lórí ìlérí náà. Kí la fẹ́ pe irú èyí? Tí a bá pè é ní òdodo, ọ̀rọ̀ náà á wúwo ju ohun tó ń rù lọ. Ẹ̀tọ́ àkàsétí ló bá a mu rẹ́gí.

Ẹnì kan béèrè ìdí tí mi ò fi lo àre. Mo rò ó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tó lágbára ni. Jẹ tó wà nínú jàre náà la fi ń jẹ oyè, tí a fi ń jẹ gbèsè. Ohun tó dá mi dúró ni pé ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Nígbà míì, adájọ́ á fagi lé ẹ̀sùn láìsọ pé ẹni náà ò ṣe é, mo sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ pé, "Wọ́n dá yín sílẹ̀, àmọ́ wọn ò dá yín láre." Ọmọkùnrin kan wà tí mo sọ ọ́ fún ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti tún mú un lẹ́nu géètì lórí ẹ̀sùn kan náà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da dá sílẹ̀ àti dá láre pọ̀ mọ́ra, torí náà mo ní ká má fi iṣẹ́ mìíràn kún ti àre.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ló kù. Abala 35(3) Ìwé Òfin yẹn kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba ìwé láàárín wákàtí 24, tí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tó gbọ́, pé ìdí tí wọ́n fi mú un rèé. Ní èdè tó gbọ́! Láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà níbẹ̀, kò tíì sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan ní Yorùbá tó kọjá lọ́wọ́ mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bó ṣe lè rí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi yẹ̀ wò.

Gẹ̀ẹ́sì ò yà "o" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ". Ní kọ́ọ̀tù, bí olùjẹ́jọ́ bá ju ọmọdé lọ, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, ẹ̀sùn yòówù kí ó jẹ́, torí abala 36(5) sọ pé kò tíì jẹ̀bi títí wọn ó fi fi ẹ̀rí hàn. Ọlọ́pàá kan bi mí rí pé kí ló dé tí mò ń bá olè sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Mo ní wọn ò tíì dájọ́.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "A mú yín lónìí nítorí pé ẹnì kan fẹ̀sùn kàn yín pé..." Àwọn kan ní lórí ìwé ìjọba, "ọ" ló yẹ dípò "yín". Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?