Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti sàlẹ́ńsà Corolla mi

Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá kí n mú Corolla 2005 mi wálẹ̀ kó sún mọ́ ilẹ̀, kí n sì fi sàlẹ́ńsà aláriwo sí i. Ó ti parí. Mi ò mú un wálẹ̀ mọ́: ṣọ́ọ̀kì KYB Excel-G ni mo rà, sípíríǹgì tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà Òṣogbo sí Ìlobùú ò gba mọ́tò tó ń fàyà wọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì la pààrọ̀ pọ̀, kí ọ̀tún má baà le ju òsì lọ, a sì ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títò táyà kí wọ́n dúró gún.

Sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn nìkan la pààrọ̀. Mẹkáníìkì fẹ́ gé katalítíìkì, ẹ̀yà tó ń fọ èéfín mọ́, dànù, mo kọ̀ jálẹ̀! Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á kàn tan iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú kóòdù P0420 tó ń sọ pé katalítíìkì ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.