Omi ṣáláńgá ń ṣàn wọ odò abúlé wa, ṣé ewéko lè fọ̀ ọ́ mọ́?

Ọmọ_Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abúlé wa ò jìnnà sí Ifẹ̀, omi balùwẹ̀ àti ti ṣáláńgá ń ṣàn wọ odò táwọn ìyá wa ti ń fọ ẹ̀gẹ́, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀ ẹ máa rí ìfófòó dúdú létí omi, ó ń dùn mí gan-an. Wọ́n ní èèyàn lè gbin ewéko sínú òkúta kó máa sẹ́ omi náà, ṣóòótọ́ ni?

Ọmọ_Ọbòkun: Òótọ́ ni o. Obìnrin ará Jámánì kan, Käthe Seidel, ti ń dán an wò láti nǹkan bí 1950 sókè. Ẹ gbẹ́ kòtò tí ò jìn, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí i kómi má baà jò, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kẹ́ ẹ wá gbin ìdò tàbí eèsún. Kì í ṣe ewéko nìkan ló ń ṣiṣẹ́ o, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lẹ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò ló ń jẹ ìdọ̀tí náà gan-an.

Ìyá_Ìbejì_Iléṣà: Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú septic tank kọjá kí ìgbẹ́ lè rọ̀ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkúta á dí kíákíá! Kómi má sì yọ lókè òkúta, torí ẹ̀fọn. Àbúrò mi, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mu omi tó ń jáde níbẹ̀ o, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rin.

Ọmọ_Ifẹ̀: Ẹ ṣé mà. Ìdò olódòdó pupa kún ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, màá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sípàdé abúlé ní Sátidé.