Mílíọ̀nù 10 òṣìṣẹ́ Nàìjíríà dà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àṣekágbá:
Ẹ ǹlẹ́ níbí o. Pírójẹ́ẹ̀tì ni mò ń kọ: mò ń fi iye òṣìṣẹ́ Nàìjíríà wé ti Gánà láti 2006 wá. Ti Gánà ò dà mí láàmú tó báyìí. Ìwé NBS, àjọ tó ń ka nǹkan fún ìjọba Nàìjíríà, ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àtàwọn tó ń wáṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 80.3 láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà 2020. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ó ti di 69.7. Ibo ni wọ́n gbà lọ? Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n lọ tún un kà, bíi pé ojú ló ń ṣe mí.

Bàbá Ìbejì:
Ojú ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá wáṣẹ́ títí tó fi sú u, tó wá jókòó sílé, wọn kì í kà á mọ́. Kò ṣiṣẹ́, kò sì wáṣẹ́, ó ti bọ́ síta nìyẹn. Wo iye àwọn tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 lásìkò kan náà: láti bíi mílíọ̀nù 117, ó lé sí 122. Èèyàn ń pọ̀ sí i, òṣìṣẹ́ ń dín kù. Ìlà àwọn méjèèjì ni kó o jọ yà.

Àǹtí Oníwèé Ìbéèrè:
Mo ti ṣe iṣẹ́ ojúlé-dé-ojúlé yìí rí. Nílé kan ní Mọ́níyà, ìyá kan ń dín àkàrà, èéfín bò wá lójú. Mo ní, "Mà, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Ó ní, "Iṣẹ́ kẹ̀? N ò níṣẹ́ o, ọkọ mi ló níṣẹ́." Epo ń ta sí i lápá bó ṣe ń sọ ọ́! Lẹ́nu tiwa, ohun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún niṣẹ́. Òwò ni tiẹ̀. Ká ní mo kọ "rárá" sílẹ̀ ni, ó ti lọ nìyẹn. Látọjọ́ náà, "Kí lẹ fi ń rówó?" ni mò ń bi wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́, má fi ìlà kan so 2020 àti 2023 pọ̀ o. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni NBS ń pè é. Ìdí tí àwọn aláìníṣẹ́ fi jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn níparí 2020. Ní báyìí, wákàtí kan ti tó, ló bá di 4.1 níbẹ̀rẹ̀ 2023. Ṣé ẹnì kan là lójijì ni? Àgbẹ̀ tún wà ńbẹ̀: látọdún 2013, ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, ni pé ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tí ilé rẹ̀ máa jẹ nìkan kì í ṣe ara àwọn tó níṣẹ́. Wádìí bóyá òṣùwọ̀n kan náà ni Gánà lò.

Gánà ka èèyàn ní 2021: mílíọ̀nù 30.8, nǹkan bí 11.5 ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó ń wá a. Àwa ńkọ́? 2006 la ti kà á kẹ́yìn, àfojúbù la ń lò látìgbà náà. Lọ sórí ìkànnì World Bank, mú ìṣirò ILO tó bẹ̀rẹ̀ láti 1990. Àfojúbù ni òun náà, àmọ́ òṣùwọ̀n kan ni wọ́n fi wọn orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àṣekágbá:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mò ń wà á jáde lọ́wọ́. Àkàrà yẹn ńkọ́, ṣé ẹ rà á?

Àǹtí Oníwèé Ìbéèrè:
Mo rà á. Ó fi méjì ṣèènì.