Àyìnlá Ọmọwúrà: ta ló wo sinimá, ta ló gbọ́ àwo, ta ló ka ìwé?

Tíṣà, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ilé o. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n wo Àyìnlá, sinimá tí Túndé Kèlání (TK) gbé jáde ní 2021 lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, n kò ráyè. Mo ti wò ó báyìí, mo sì tún un wò nítorí àwòrán ìlú wa tó kún inú ẹ̀. Abẹ́òkúta ni TK ti gbà dàgbà, kámẹ́rà ẹ̀ sì fi hàn. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú ò lè mọ ibi tó yẹ kó dúró sí kí òrùlé páànù tó ti dípẹtà wọ̀nyẹn tó rẹwà lójú èèyàn.

Lateef Adédiméjì ló ṣe Àyìnlá. Ọmọ náà gbìyànjú. Ìrìn ẹ̀, bó ṣe ń gbé èjìká, bó ṣe ń wo èèyàn bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè, gbogbo ẹ̀ wọ̀ mí lára. Àmọ́ ohùn tó wà nínú àwo le ju ti sinimá lọ. Àyìnlá kì í bẹ èèyàn nínú orin, àṣẹ ló máa ń pa. Èyí tí wọ́n gbé fún wa yìí ti rọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ ikú ẹ̀ gan-an ló mú mi kọ èyí. Nínú sinimá, wọ́n fi obìnrin kan tó ń jẹ́ Deborah sáàárín òun àti Báyọ̀wá, máníjà ẹ̀ (Mr Macaroni ló ṣe é, ó sì gbọ́ iṣẹ́), ọ̀rọ̀ obìnrin náà sì ń ru lábẹ́lẹ̀ títí ìjà fi dé. Èyí tí àwa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nílé kò rí bẹ́ẹ̀. Alùpùpù ni wọ́n jà lé lórí. Máníjà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, alùpùpù ọ̀gá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n pàdé nílé ọtí kan ní Agọ́-Ìká, l'Abẹ́òkúta níbí, lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, ọ̀rọ̀ di iṣu-ata-yán-an-yàn-an, ẹni yẹn sì la ife bíà mọ́ ọn lórí. Ife bíà lásán, ẹ gbà mí o! Ẹni tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ tì ilé ìtajà pa kí wọ́n lè dé òde àríyá.

Lẹ́yìn sinimá ni mo wá ìwé tí Festus Adédàyọ̀ kọ lórí ìgbésí ayé ẹ̀ ní 2020. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ki, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà nínú mọ́tò. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti pàdé odidi ọkùnrin náà: alárìíyànjiyàn, oníjà, ẹni tó ń bú olórin ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú àwo láìfi bò, síbẹ̀ tí mẹ̀kúnnù ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ọba. Tí ẹ bá bi mí, ìwé yẹn ni mo gbádùn jù. Ọmọ mi obìnrin ní sinimá ni. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ò fara mọ́ yín lórí ti Deborah o. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti wò ó lórí fóònù, bí mo ṣe ń wọn léèsì fún oníbàárà ni mò ń dá a dúró, mo sì ń padà sí i. Ọmọwùnmí Dàda, tó ṣe Deborah, ló gbé mi dé ìparí.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Nínú àwo Àyìnlá, ẹgba ni obìnrin ń jẹ. Panṣágà jẹ ẹ́, abóra tó ń fi ìpara bó àwọ̀ jẹ ẹ́. Ìyá mi sì sọ fún mi pé àwọn obìnrin yìí kan náà ló máa ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú bó bá ti gbé orin náà, bí ẹni pé aládùúgbò ni wọ́n ń bá wí. Nítorí náà, bí TK bá fi obìnrin kan síbẹ̀ tó lẹ́nu, tó lè wo Àyìnlá lójú, mo gbà fún un, alùpùpù ì báà fò lókè.

Ibi ìrìn-àjò Lọ́ńdọ̀nù ló dùn mí. Kúnlé Afọláyan ló ṣe ẹni tó fẹ́ mú un lọ. Èèyàn ti mọ̀ pé kò ní dé ọ̀hún, síbẹ̀ mò ń bá a yọ̀ bí òpònú.

Àyàn, Ọ̀ṣogbo:

Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ti ẹnu, kò sẹ́ni tó sọ ti ìlù. Inú sinimá yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n to onílù sí. Nínú àwo, Adéwọlé Aláò, Oníluọlá, tó ń lùlù fún Àyìnlá, kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa. Àyìnlá á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á dákẹ́ lójijì, gángan á sì parí ẹ̀. Kò ní tún un wí mọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ìlù á ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Èmi tí mo ń lù mọ ohun tí ìyẹn ń gbà: ọwọ́ òsì ti gbọ́dọ̀ fún ọṣán kí kọ̀ǹgọ́ tó balẹ̀, torí bó bá pẹ́ díẹ̀, ohùn ìlù á máa wọ́ tẹ̀lé ohùn èèyàn bí ọmọ tó ń sunkún tẹ̀lé ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà.

Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà bíi tiẹ̀, ìjókòó ló fi ń kọrin, agídìgbo ń dún nísàlẹ̀, ara á tù ẹ́. Àyìnlá ò jẹ́ kéèyàn jókòó. Ọmọkùnrin mi ń gbọ́ Terry Apala, olórin àpàlà ìgbàlódé, báyìí, mo sì bá a gbọ́ ọ. Ohùn wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́, ìlù ẹ̀rọ ló pọ̀ jù fún mi.

Tíṣà, Abẹ́òkúta:

Ẹ̀gbọ́n Àyàn, ẹ dárúkọ àwo kan tí màá fi bẹ̀rẹ̀.

Àyàn, Ọ̀ṣogbo:

National Census, èyí tó fi kéde ìkànìyàn. Ẹ má fi fóònù gbọ́ ọ o. Ẹ wá sípíkà tó ní báàsì.